Bí a ṣe ń gbin igi ní Kétu tí ọyẹ́ kò fi ní pa á

Láti ọdún 1985, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Igi tí à ń gbìn lọ́jọ́ náà kì í kéré. Ṣùgbọ́n ẹ padà síbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ọ̀pọ̀ ti gbẹ. Mo fa ọ̀kan tu rí, ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ ọ ṣì wà lára rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ká jọ sínú ọ̀rá bí ìwo àgbò. Ó dùn mí wọra.

Ẹ kọ́kọ́ mú irú igi tí ẹ fẹ́. Tíìkì ń yára dàgbà, ó sì ń pawó. Àmọ́ ewé rẹ̀ fẹ̀: òjò á kó jọ sórí rẹ̀, á wá já lulẹ̀ ní ẹ̀kán ńláńlá tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tí koríko kò bò. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tó ti ṣá lẹ fẹ́ mú sọjí, igbá, ọ̀gànwó àti apá ni kí ẹ mú. Ìrókò ńkọ́? Ẹ má gbìn ín lóun nìkan. Kòkòrò kékeré kan ń bẹ tó ń mú ewé rẹ̀ wú ní kókó-kókó, ọ̀mùnú rẹ̀ á sì kú. Àárín àwọn igi mìíràn ni kó wà.

Igbá, igi tó ń fún wa ní irú, ni n óò fi ṣàlàyé. Ẹ ṣa èso tó gbó, kí ẹ fọ ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ara rẹ̀ kúrò. Èèpo kóró rẹ̀ le. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ni kí ẹ gbìn.

Ọ̀rá omi tí a ti mu tán tó o ṣe é. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ rọ ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ sínú, kóró kan sí ọ̀rá kan. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, kí ẹ máa bomi rin ín. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, á ti tó gbìn bí òjò bá ti múlẹ̀ lóṣù kẹfà. Ẹ fi díẹ̀ nínú wọn pamọ́ sábẹ́ ibòji, ẹ má gbìn wọ́n tán.

Ihò á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40, á sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ilẹ̀dú òkè sọ́tọ̀, òun ni kó kọ́kọ́ padà wọlé. Igbá ń na ọwọ́ gan-an, ẹ fi mítà 10 sí àárín wọn. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù láti gbìn ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ gé gbòǹgbò tó bá ti ká, kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.

Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro àyíká oko náà mọ́ tónítóní, ó kéré tán ìṣísẹ̀ 5, nítorí iná ìgbẹ́. Ẹ fi ẹ̀gún ká a mọ́ ewúrẹ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ niṣẹ́ pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ewé rẹ̀ á máa jẹrà sílẹ̀, gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú, omi òjò á máa wọlẹ̀ dípò kó kó ilẹ̀dú lọ. Lọ́jọ́ tó bá tanná pupa roboto, àdán á máa wá lóru láti lá oyin rẹ̀. Àwọn ló ń mú kí ó so.

Nígbà tí òjò bá padà, ẹ ka èyí tó yè, kí ẹ sì fi àwọn tí ẹ pamọ́ sábẹ́ ibòji dí àyè èyí tó kú.