Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń kọ aggregate tiwa nínú PostgreSQL

Bí a bá ṣi function lásán kọ, PostgreSQL, ìyẹn sọ́fítíwia tí ń tọ́jú dátà sínú tábìlì, sábà máa ń kígbe lójú ẹsẹ̀. Ti aggregate, ìyẹn function tí ń sọ ìlà púpọ̀ di ìdáhùn kan ṣoṣo, kò rí bẹ́ẹ̀: ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, kí ó máa gbé nọ́ńbà tí kò tọ̀nà jáde láìsí ìkìlọ̀ kankan, kí àwọn ènìyàn sì máa fi nọ́ńbà náà ṣe ìpinnu. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lo CREATE AGGREGATE, àṣẹ tí a fi ń dá aggregate tuntun sílẹ̀, pé kí ẹ fara balẹ̀ wo state, ìyẹn ẹrù tí aggregate ń gbé láti ìlà kan dé ìlà kejì.

Àṣìṣe tí ó burú jù lójú mi ni kí ènìyàn di ìdáhùn sínú ẹrù náà dípò ohun tí a ó fi ṣe ìdáhùn. Láti ẹ̀dà 9.6, tí ó jáde ní ọdún 2016, PostgreSQL lè pín àwọn ìlà tábìlì kan fún òṣìṣẹ́ (worker) mélòó kan kí wọ́n jọ kà á, kí function tí a yàn sí COMBINEFUNC wá da ohun tí oníkálukú rí pọ̀. Ká ní ìpíndọ́gba ni a ń wá, tí òṣìṣẹ́ kan rí 10 àti 20, tí ó di 15 sínú ẹrù rẹ̀, tí èkejì sì rí 60 nìkan. COMBINEFUNC tí ó bá ro 15 mọ́ 60, tí ó pín in sí méjì, yóò mú 37.5 wá, bẹ́ẹ̀ 90 tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta, 30 ni. 15 yẹn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ìlà méjì ni ó bí òun. Àpapọ̀ àti iye ìlà ni kí state máa gbé, kí ẹ sì fi pínpín sílẹ̀ fún FINALFUNC, function tí ń sọ state di ìdáhùn níkẹyìn.

NULL, ìyẹn àyè tí kò ní iye kankan nínú, náà ń da iṣẹ́ rú. Aggregate fún ìsọdipúpọ̀ kò ju ìlà kan lọ (SFUNC ni function tí ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan kún state, STYPE sì ni irú dátà tí state jẹ́):

CREATE AGGREGATE isodipupo(numeric) (SFUNC = numeric_mul, STYPE = numeric);

Nítorí pé STRICT ni numeric_mul, ìyẹn ni pé a kì í pè é bí NULL bá wà nínú ohun tí a fún un, aggregate náà máa ń fo NULL, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe NULL ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. 2, NULL àti 5 yóò di 10. Ẹni tí ó bá fi function tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láìkọ STRICT sí i, NULL ni yóò máa rí gbà, kódà bí NULL kò bá sí nínú tábìlì rárá, nítorí pé NULL ni state fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wá fi INITCOND = '1' kún un, kí state lè fi 1 bẹ̀rẹ̀, ìlà NULL kan ṣoṣo ṣì tó láti ba gbogbo ẹgbẹ́ náà jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi COALESCE sọ NULL di 0 níhìn-ín, nítorí gbogbo iye náà ni yóò di 0.

Ẹ má sì ṣe kọ MINVFUNC, function tí ń yọ ìlà tí ó ti jáde kúrò nínú fèrèsé (window) tí a ń ṣí lọ, fún float8, irú nọ́ńbà tí kì í fi gbogbo díjíìtì pamọ́, nípa yíyọ iye tí ó ti kọjá kúrò: bí ẹ bá ro 1 mọ́ 1e20, tí ẹ sì yọ 1e20 kúrò, 0 ni yóò kù.

Tábìlì kékeré kì í tú àṣírí COMBINEFUNC, torí pé PostgreSQL kì í sábà pín tábìlì tí kò tó 8MB fún òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹ kọ PARALLEL = SAFE, tí ó gbà kí a pín iṣẹ́ náà, sára aggregate fúnra rẹ̀, nítorí èyí tí ó wà lára SFUNC kò kà. Ẹ da ìlà bí 100,000 sínú tábìlì, ẹ sọ min_parallel_table_scan_size, parallel_setup_cost àti parallel_tuple_cost di 0, kí ẹ sì rí i pé Partial Aggregate, àmì pé a pín iṣẹ́ náà, wà nínú EXPLAIN, àṣẹ tí ń fi ètò ìbéèrè hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ max_parallel_workers_per_gather di 0 kí a má baà pín iṣẹ́ mọ́, ẹ tún ìbéèrè kan náà ṣe, kí ẹ sì gbé ìdáhùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.