Bí mo ṣe to fèrèsé plugin kan fún QGIS

QGIS ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, plugin sì ni ètò kékeré tí a ń fi kún un. Iṣẹ́ plugin tí mo kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń fa òbìrìkìtì yí ojú àmì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú layer (ìpele dátà kan lórí àwòrán ilẹ̀) ká, ó sì ń kó àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì GeoPackage (irú fáìlì tí a ń tọ́jú dátà ilẹ̀ sí). Kóòdù ìṣirò rẹ̀ kò gùn rárá. Fèrèsé rẹ̀ ló gba ìrònú, torí àlejò ni plugin jẹ́ nínú QGIS, bí onílé bá sì ṣe ń ṣe ló yẹ kí àlejò ṣe.

Qt Designer, irinṣẹ́ tí a fi ń to fèrèsé láìkọ kóòdù, ni mo fi to ó. Nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà lójú fọ́ọ̀mù, mo tẹ máòsì lápá ọ̀tún níbi tó ṣófo, mo yan "Lay Out in a Grid". Bí a bá fo ibí yìí, fèrèsé á máa fẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn àpótí inú rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan, bí ẹnì kan bá sì ti sọ lẹ́tà kọ̀ǹpútà rẹ̀ di 150%, ọ̀rọ̀ lè gé sí méjì.

Fún yíyan layer, ẹ má lo QComboBox (àpótí tí a ti ń yan ohun kan nínú ọ̀pọ̀) lásán. Layer méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kóòdù tó ń fi orúkọ wá a á sì mú èyí tí òǹlò kò yàn. QgsMapLayerComboBox, irú rẹ̀ tí QGIS ṣe fún layer, ni mo fi síbẹ̀, pẹ̀lú setFilters(QgsMapLayerProxyModel.PointLayer) kó lè fi layer ojú àmì nìkan hàn: layer fúnra rẹ̀ ló ń dá padà, ó sì ń mọ̀ bí a bá fi layer kún un tàbí yọ ọ́ kúrò. QgsFileWidget ni ti fáìlì. Ẹ rántí láti fi í sí ipò SaveFile, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fáìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni yóò máa béèrè.

Àpótí tí a ń kọ ìwọ̀n sí ló léwu jù. Bí layer bá wà ní EPSG:4326, ìyẹn CRS (ètò tí a fi ń tọ́ka ibi lórí ayé) tó ń lo latitude àti longitude, digírì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó kọ 100, tó ní mítà lọ́kàn, á rí òbìrìkìtì tó fẹ̀ ju láti òpin àríwá ayé dé òpin gúúsù lọ! Nítorí náà mo gbé orúkọ ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, kó máa yí padà láti inú layer.crs().mapUnits() nígbàkigbà tí layerChanged (ìró tó ń sọ pé layer tí a yàn ti yí padà) bá dún. Bí isGeographic() bá jẹ́ òótọ́, OK kò ní ṣeé tẹ̀, ìlà kan á sì hàn lábẹ́ rẹ̀: "Digírì ni layer yìí ń lò. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí CRS tó ń lo mítà." Ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó kù ní ṣíṣe, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Layer tó ti wà nínú àpótí kí fèrèsé tó ṣí kì í jẹ́ kí layerChanged dún, torí náà mo pe fọ́ńṣọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀kan nígbà ṣíṣí.

QDialogButtonBox ló mọ apá tí OK àti Cancel ń wà lórí Windows, macOS àti Linux. Mi ò fọwọ́ ara mi tò wọ́n.

Iṣẹ́ tó lè pẹ́ wọ inú QgsTask, tó ń ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn kí QGIS má bàa dúró. Nínú run(), ibi tí iṣẹ́ náà ti ń lọ, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lójú fèrèsé, torí QGIS lè kú lójijì. Inú finished(), tó ń tẹ̀lé e nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ni a ti ń bá òǹlò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lo iface.messageBar().pushMessage, tó ń gbé ìlà ọ̀rọ̀ kan sójú QGIS, nítorí QMessageBox á dá òǹlò dúró títí tó fi máa tẹ OK.

Mi ò kun àwọ̀ kankan. Bí a bá fi setStyleSheet sọ ẹ̀yìn àpótí di funfun, lẹ́tà rẹ̀ á ṣòro kà nínú theme Night Mapping (àwọ̀ dúdú tí QGIS ní), torí lẹ́tà ibẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni unload(), tí QGIS ń pè nígbà tí a bá yọ plugin kúrò. Ohun gbogbo tí initGui() (èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí plugin bá wọlé) bá gbé sínú mẹ́nù àti toolbar, ibẹ̀ ni a ti ń yọ wọ́n. Bí a bá fi ọ̀kan sílẹ̀, àmì tuntun á jókòó ti ti àtijọ́ nígbàkigbà tí a bá tún plugin gbé wọlé, kóòdù àtijọ́ ni ti àtijọ́ yóò sì máa pè.