Bí ọmọ Òṣogbo ṣe lè di kúrétọ̀ nǹkan àwọn Anglo-Saxon

Àbúrò kan fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, iṣẹ́ mùsíọ́mù ló wù mí, nǹkan àwọn Anglo-Saxon ayé àtijọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ máa tọ́jú, àmọ́ àwọn ará ilé wa ní orí mi ti dàrú." Mo rẹ́rìn-ín títí. Orí ẹ ò dàrú jàre. Ṣebí ìlú tí Àdùnní Olóòrìṣà gbé nìyí, Susanne Wenger, tó wá láti Austria, ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó fi Òṣogbo ṣe ilé, inú igbó Ọ̀ṣun ló ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 2009. William Fagg náà ńkọ́, British Museum ló jókòó sí tó fi mọ iṣẹ́ ọnà Yorùbá débi pé àwa gan-an ń lọ ka ìwé ẹ̀. Tí òyìnbó bá lè mọ ère wa tó bẹ́ẹ̀, kí ló wá burú tí ọmọ Òkè-Fìà bá mọ akoto tiwọn?

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Anglo-Saxon ni àwọn tó ń gbé ibi tá à ń pè ní England báyìí, láti nǹkan bí ọdún 450 títí di 1066 tí àwọn ará Normandy wá gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Kúrétọ̀ ni ẹni tó wà nídìí ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀: òun ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, òun ló ń kọ lébẹ̀lì, òun ló ń sọ pé èyí á jáde síta, èyí á wà ní sítọ́ọ̀. Òun náà ni wọ́n máa pè tí ẹnì kan bá gbé ayédèrú wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o kọ́: má fọ nǹkan. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mò ń ṣe IT ní mùsíọ́mù kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé agogo idẹ kan fún mi pé kí n kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Ó ti dúdú, ara ẹ̀ ti ń ṣe bí ewé ní apá kan. Ìyá àgbà mi sì rè é, ọlọ́ṣun ni wọ́n, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn dán idẹ wọn, Ọ̀ṣun tí wọ́n ń kì ní ẹni idẹ kì í sú, mo ti bá wọn dán an láti kékeré. Mo bá sáré ra ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mo fọ agogo yẹn, ó ń kọ mànà. Ọ̀gá mi wọlé, wọn ò tiẹ̀ pariwo, wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbé orí lé ọwọ́. Àṣé lára ìdọ̀tí yẹn ni okùn tí wọ́n fi so agogo náà kọ́ láyé ọjọ́un ti fi àmì sílẹ̀, ìlọ́ okùn yẹn hàn kedere, wọ́n ti fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ bá omi ọsàn lọ. Idẹ ojúbọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ dán, èyí tó bá ti wọ mùsíọ́mù ti di ẹlẹ́rìí, ẹnì kan kì í sì í fọ ẹnu ẹlẹ́rìí.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Sutton Hoo nìyẹn. Suffolk ní England ló wà, ibi tí àwọn Anglo-Saxon ń sin òkú sí ni. Ní 1939, obìnrin kan, Edith Pretty, ní kí Basil Brown gbẹ́ òkìtì tó wà lórí ilẹ̀ òun. Brown yìí, ọmọ ọdún 12 ló ti kúrò ní skúùlù o. Odidi ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sin síbẹ̀, mítà 27 ni gígùn ẹ̀, àmọ́ pákó ẹ̀ ti jẹrà tán pátápátá, ìṣó irin tó ti dípẹtà nìkan ló kù, wọ́n tò ní ìlà-ìlà bí wọ́n ṣe wà lára ọkọ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tí pákó ti fi sára yanrìn. Ẹlòmíì ì bá ti fa ìṣó yẹn yọ kó dà á sínú báàgì. Brown fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà, ó ń kó yanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ tí kò sí mọ́ ṣe yọ síta lójú gbogbo ayé nìyẹn. Akoto tó wà nínú ẹ̀ ti fọ́ yángá, wọ́n tò ó pọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún wá tú u palẹ̀ lẹ́yìn náà torí wọ́n rí i pé títò àkọ́kọ́ ò bára mu. Edith Pretty fi gbogbo ẹrù náà ta British Museum lọ́rẹ, yàrá 41 ni wọ́n wà. Ọdún 1939 yẹn kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ wọ ilé yẹn (bó ṣe débẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀).

Wò ó, kó o tó wá owó físà, lọ jókòó ti alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Òṣogbo níbí lọ́jọ́ Sátidé kan, kó o kàn máa wo ọwọ́ ẹ̀. Torí àwọn góòlù Sutton Hoo yẹn, òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní gánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú wọn, àwọn kan lára òkúta yẹn, láti apá Íńdíà àti Sri Lanka ni wọ́n ti wá, abẹ́ wọn ni wọ́n sì tẹ́ góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà sí, tí wọ́n ti tẹ ìlà kéékèèké sí lára kí iná tó bá wọlé lè máa ta padà jáde. Ẹni tí kò rí bí wọ́n ṣe ń fi òkúta sínú òrùka rí, á kàn kọ "ó rẹwà gan-an" sí lébẹ̀lì. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan.

Èdè ńkọ́? Wàá kọ́ Old English, kò sí bó o ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́, Látìn díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Díkíṣọ́nárì Bosworth-Toller wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, dátà nìkan lo máa rà. Má bẹ̀rù àwọn lẹ́tà wọn, ẹni tó ń kọ gb àti ṣ látàárọ̀ kò yẹ kó sá fún þ. Ohun tó máa dùn mọ́ ẹ ni pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn àlọ́ bíi tiwa. Àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní Franks Casket, nǹkan bí ọdún 700 sí 750 ni wọ́n ṣe é, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí iwájú ẹ̀ pé omi kún ó gbé ẹja sórí òkè, ọba ẹ̀rù banú jẹ́ nígbà tó bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Kí ni o? Wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀: egungun àbùùbùtán. Egungun yẹn náà ni wọ́n sì fi ṣe àpótí! Ègé apá ọ̀tún ẹ̀ wà ní Florence ní Ítálì, ìyókù wà ní London, kúrétọ̀ tí kò bá mọ ìyẹn á kàn máa wo àpótí lásán. Alfred Jewel, ohun ọ̀ṣọ́ góòlù kan tó wà ní Oxford náà, ẹnu ara ẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé "Alfred ló ní kí wọ́n ṣe mí."

Ti ìwé, mi ò ní fà á gùn. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ akíọ́lọ́jì, Hísítìrì náà dáa, Faìn Áàtì náà ò burú. Kó o tó parí, lọ bẹ mùsíọ́mù tó bá wà nítòsí pé o fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kó o kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ẹrù ní nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n, bí wọ́n ṣe ń kọ ibi tó ti sán àti ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n bá fún ẹ. Máàsítà wá kàn: Leicester fún iṣẹ́ mùsíọ́mù, Cambridge ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ pé Anglo-Saxon, Norse àti Celtic ni iṣẹ́ ẹ̀. Chevening, ìyẹn sìkọ́láṣíìpù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń sanwó máàsítà ọlọ́dún kan, àmọ́ wọ́n máa bi ẹ́ ní iṣẹ́ ọdún méjì tó o ti ṣe, wàá sì padà wá sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, torí náà má gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ pẹ̀lú èrò pé o ti jáàpá.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò pọ̀, mi ò ní tàn ẹ́. Ẹni kan lè wà lórí ipò fún ogún ọdún. Má wá "Anglo-Saxon" nìkan nínú àkọlé iṣẹ́, "early medieval" ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ọ̀nà àbùjá kan wà tó dáa: Portable Antiquities Scheme, àwọn tó ń kọ ohun tí aráàlú bá hú sílẹ̀. Ní 2009 ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú oko ní Staffordshire rí góòlù tó tó kílò mẹ́rin, £3.285 mílíọ̀nù ni wọ́n san, òun àti olóko pín in. (Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, ṣé ẹ rò pé olóko á gbọ́?)

Ó yá, iṣẹ́ àṣetiléwá. Mú nǹkan kan nínú ilé yín, ìkòkò, àbẹ̀bẹ̀, bùróòṣì tí mọ́mì ń fi há gèlè, ohunkóhun. Wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rúlà, yí i padà kó o wo ìdí ẹ̀, kó o wá kọ ọ̀rọ̀ 60 nípa ẹ̀ láì dárúkọ ẹ̀, láì kọ "ó rẹwà". Fi ránṣẹ́ sí mi, má fi fọ́tò sí i. Tí mi ò bá lè já àlọ́ náà, màá dá a padà fún ẹ.