Bí a ṣe ń fi lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ orúkọ sórí ìwé ìpè

Orúkọ tiwa gùn. Ẹ wo Olúwafúnmiláyọ̀: bí ẹ bá fi lẹ́tà tó fẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó di dandan kí ó já sí ìlà méjì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń lo lẹ́tà gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí òpó rẹ̀ (ìlà tó dúró ṣánṣán) nípọn, tí ìlà tó so àwọn òpó pọ̀ sì fẹ́lẹ́ bí irun. Giambattista Bodoni ní Parma àti ìdílé Didot ní Paris ló sọ irú òpó nínípọn pẹ̀lú ìlà fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ di gbajúmọ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 18, àwọn ìwé ìròyìn oge kò sì tíì fi í sílẹ̀.

Ẹ gba fọ́ǹtì (àwòṣe lẹ́tà) tó ń jẹ́ Noto Serif Display sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni lórí Google Fonts. Nínú rẹ̀, ẹ mú Condensed, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má mú èyí tó fẹ̀ kí ẹ wá fi máòsì fún un pọ̀ o. Òpó á rù, ìlà fẹ́lẹ́ á wà bó ṣe wà, ẹwà tí ẹ torí rẹ̀ wá á sì lọ.

Àmì ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní: lẹ́tà kan ni, pẹ̀lú àmì tó gùn ún. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí àmì ṣe ń jókòó á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá lẹ́tà yẹn láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Láàárín àwọn lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀ gbàràmù kan ṣoṣo ti tó láti ba orúkọ ìyàwó jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi fọ́ǹtì kankan ṣiṣẹ́, ẹ kọ "Ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì" ní lẹ́tà ńlá àti kékeré. Bí àmì kan bá yẹ̀, ẹ wá òmíràn. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè "mọ́". Ẹ má sì gbé kọ́mà lé ọ lórí bí ẹni ń dọ́gbọ́n. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ sún orúkọ sókè, kọ́mà á kù sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà. Pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, àmì orí Ọ́ nísàlẹ̀ á lọ kọlu àmì abẹ́ Ṣ lókè. Bí ìwọ̀n lẹ́tà bá jẹ́ póìǹtì 60, àyè láti ìlà kan sí èkejì kì í dín ní póìǹtì 78 lọ́wọ́ mi.

Orúkọ àti àkọlé nìkan ni kí ẹ fi ṣe. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, Noto Serif lásán ti tó.

Ní ti títẹ̀, yíǹkì dúdú nìkan. Bí ẹ bá po àwọ̀ mẹ́rin, tí pépà sì yẹ̀ díẹ̀, ìlà fẹ́lẹ́ á di méjì. Bó bá jẹ́ funfun lórí dúdú, ẹ mú Bold, èyí tó nípọn, torí yíǹkì á ṣàn bo ìlà náà. Kí ẹ tó gbé e fún atẹ̀wé, ẹ tẹ ẹyọ kan ní ìwọ̀n gidi sórí A4 ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ dìde dúró. Bí ẹ kò bá rí àmì orí ọ̀ láti òkè, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá sí i.