Bí mo ṣe to fáìlì 612 sínú Zotero, tí wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń ṣiṣẹ́

Àkójọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ni mo tò: fáìlì 612, gígábáìtì 4.3. Ìdajì wọn wà nínú Downloads, púpọ̀ nínú ìyókù wá láti WhatsApp, orúkọ wọn kò sì ju DOC-20230412-WA0007 àti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ. Zotero, ètò tó ń tọ́jú tó sì ń to ìwé ìwádìí, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ kò kan Zotero rárá. Lẹ́tà ni mo ń bá fà á: ẹ, ọ, ṣ àti àmì orí wọn. Bí ẹ bá kó ìwé Yorùbá wọlé láìkọ́kọ́ yanjú lẹ́tà, ìwé á wà níbẹ̀ lóòótọ́, wíwá ni kò ní ṣeé wá.

Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn sínú fóódà kan ṣoṣo, mo fi ojúlówó sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Lórí Android, ìsàlẹ̀ Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media ni WhatsApp Documents wà. Ojú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò ti bàjẹ́ kó tó dé, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré. Ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ bíi Document. Lẹ́yìn náà ni mo fi fdupes -r wá àwọn tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń yẹ̀ wò, kò ka orúkọ sí. 71 ló bá, ó ku 541. Àmọ́ bí ẹni méjì bá ya ìwé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò lè mọ̀. Ojú ni mo fi yọ ìyẹn.

Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya, àwòrán lásán ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi máòsì fa ìlà kan nínú rẹ̀: bí kò bá mú ọ̀rọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. OCRmyPDF ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i (OCR ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà), Tesseract ló sì ń bá a kà á. Lórí Ubuntu, tó jẹ́ oríṣi Linux kan, àṣẹ tó ń gbé wọn wọlé nìyí:

sudo apt install ocrmypdf tesseract-ocr-yor img2pdf fdupes icu-devtools

Ẹ má fo tesseract-ocr-yor. Láìsí i, Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà á máa rò pé òun ń kà, á sì máa sọ lẹ́tà ọ di o tàbí q. Inú fóódà náà ni mo ti ṣe fóódà kékeré kan tó ń jẹ́ setan, mo wá pàṣẹ pé:

for f in *.pdf; do ocrmypdf -l yor+eng --rotate-pages --deskew --skip-text "$f" "setan/$f"; done

Mo fi eng kún yor nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ló dàpọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí wa. --deskew ń tọ́ ojú ìwé tó wọ́, --skip-text sì ń fo ojú ìwé tó ti ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tàn án sílẹ̀ mọ́jú.

Ibi tí --skip-text ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Kí Unicode (ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà) tó gbilẹ̀, àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì Yorùbá máa ń gbé ẹ àti ọ jókòó sípò àmì mìíràn. Lójú, Yorùbá tó dán mọ́rán ni; ẹ dà á kọ sínú Notepad, ẹ ó rí jàgbàjàgbà. OCRmyPDF ka èyí sí ọ̀rọ̀, ó fò ó. Mo ṣí àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ láyé àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo da ìlà kan kọ láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí 23 tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn gba --force-ocr dípò --skip-text.

Fún ojú ìwé tí mo fi fóònù yà, img2pdf *.jpg -o iwe.pdf ló so wọ́n pọ̀. Ẹ sọ wọ́n ní 001, 002, 003 kó tó di pé ẹ pàṣẹ. Bó bá jẹ́ 1, 2, 3 lásán, ojú ìwé 10 á ṣíwájú 2. Ìwé tí wọ́n bá yà ní 300 dpi (iye àmì kékeré nínú ínṣì kan) dára. Tí kò bá tó 200, ìgbìyànjú lásán ni. Kódà pẹ̀lú ìwé tó mọ́, Tesseract máa ń jẹ àmì ohùn jù àmì abẹ́ lẹ́tà lọ, ìdọ̀tí orí pépà sì máa ń di àmì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀ kan ṣoṣo. Kíbọọ̀dù kan á tẹ ọ (U+1ECD), á fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) lé e. Òmíràn á tẹ ò (U+00F2), á fi àmì abẹ́ (U+0323) tẹ̀ lé e. Ojú wa kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, kò ní bá ọ̀kan bí ẹ bá tẹ èkejì. Unicode gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, NFC, ìlànà rẹ̀ fún kíkọ irú wọn ní ọ̀nà kan ṣoṣo, sì ń sọ méjèèjì di ti àkọ́kọ́. Ti àwọn tó ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà dípò kí wọ́n fi àmì sí i ló burú: ìlà gbọọrọ (U+0331) tàbí ìlà òró (U+0329). NFC kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Gbogbo àkọsílẹ̀ mi tó jẹ́ .txt ni mo gba inú àṣẹ yìí kọjá; sed ń sọ ìlà di àmì abẹ́, uconv (inú icu-devtools ló wà) sì ń ṣe NFC:

sed $'s/[\u0329\u0331]/\u0323/g' akosile.txt | uconv -x any-nfc > tuntun.txt

Bash ni kí ẹ lò ó nínú. Ẹ má ṣe fún tuntun ní orúkọ ti àtijọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ fáìlì á ṣófo kí sed tó kà á.

Ìgbà yìí ni mo tó ṣí Zotero. Ogójì-ogójì ni mo ń wọ́ PDF wọ inú rẹ̀, kí n lè rí èyí tí kò dá mọ̀. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ní DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yunifásítì àti ìwé àtijọ́ ló máa ń dá dúró bíi fáìlì lásán: Create Parent Item, kí ẹ fọwọ́ tẹ orúkọ, àkòrí àti ọdún. Orúkọ òǹkọ̀wé gba sùúrù. Crowther nìkan wọlé sọ́dọ̀ mi ní oríṣi mẹ́rin: Samuel, S. A., Ajayi, Àjàyí. Mo yan ọ̀kan, mo sọ gbogbo wọn di bẹ́ẹ̀.

Collection, ìsọ̀rí ìwé nínú Zotero, kò dà bíi fóódà: ìwé kan lè wà nínú mẹ́ta láìjẹ́ pé ó di mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra, Remove Item from Collection ń yọ ọ́ níbẹ̀ nìkan, Move Item to Trash ni ó ń jù ú nù. Collection mẹ́fà péré ni mo ṣe, mo fi tag (ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ìwé) ṣe ìyókù, nítorí àkọtọ́ ti yí padà. Ìwé ìròyìn Abẹ́òkúta ọdún 1859 pe ara rẹ̀ ní Iwe Irohin; ẹni tó bá tẹ "ìròyìn" kò ní bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni aiye àti ayé, enia àti ènìyàn. Gbogbo ìwé tó ṣáájú 1974, ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, ni mo fi tag òde òní sí, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: iroyin, aye, eniyan. Ó rí ṣákálá, ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù fóònù èyíkéyìí lè tẹ̀ ẹ́.

Ojú ìwé 100 àkọ́kọ́ nínú PDF ni Zotero ń kà sórí fún wíwá bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ olójú ìwé 340 kò ní sọ ohun tó wà ní 212 fún yín. Mo gbé e sí 1000 nínú Settings, mo gbé iye lẹ́tà kúrò ní 500,000 sí 3,000,000, mo sì ní kó tún gbogbo rẹ̀ kà.

Ààyè ọ̀fẹ́ fún fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 300 MB, kò tó mi. Mo pa sync fáìlì (gbígbé wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì), mo fi ti àkọsílẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹ má ṣe gbé fóódà Zotero fúnra rẹ̀ sínú OneDrive tàbí Dropbox: zotero.sqlite, fáìlì tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, lè bàjẹ́ bí wọ́n bá ń gbé e lọ nígbà tí ètò ń kọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ti Zotero pa, tí mo ń da gbogbo fóódà náà kọ sórí dírááfù ìta, zotero.sqlite àti storage tí PDF wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Mẹ́sàn-án nínú 541 ni kò gba OCR, lẹ́tà àfọwọ́kọ ni wọ́n. Mo tẹ ìlà àkọ́kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú Note rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìlú tó ti kọ ọ́.