Ẹ Má Já A Gbà Lẹ́nu Ẹja: Bí A Ṣe Ń Fi Ìwọ̀ Kíká àti Ìjẹ Ààyè Pa Giwan Ruwa

Ẹja ńlá méjì ni mo pàdánù láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo lórí Odò Ọya, nítòsí afárá Jámátà tí ẹ ó gbà kọjá bí ẹ bá ń ti Àbújá lọ sí Lọ́kọ́jà. Ìwọ̀ tuntun ni mo lò lọ́jọ́ náà, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ ká wọlé. Bí ẹja àkọ́kọ́ ṣe fa okùn báyìí, mo fi gbogbo agbára já ọ̀pá sókè, bí mo ti ń ṣe láti kékeré. Ìwọ̀ jáde lófìfo. Ìkejì tún gbé e, mo tún já a, òfìfo náà ni. Bàbá Núpé tó ń tukọ̀ fún wa ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìlọrin, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ọmọ mi, o ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu ẹja."

Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ máa ń gbé ọ̀pá ìwọ̀ jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Circle hook ni àwọn tó ń ta ìwọ̀ yìí ń pè é. Ìwọ̀ kíká ni èmi ń pè é. Ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa ni mo ń fi í pa.

Kí ló mú un yàtọ̀?

Ìwọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn irin gígùn tí a ń so okùn mọ́, kì í ṣe ọ̀pá tí a ń dì mú lọ́wọ́. Ibikíbi tó bá kàn lára ẹja ló máa gún, ìbáà jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, ìbáà jẹ́ ìfun. Ti ìwọ̀ kíká kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ padà sínú, ó kọjú sí ọ̀pá ìwọ̀ bí ìgbà tí èékánná ẹyẹ àṣá bá ká wọlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò ní kò lè mú nǹkan kan.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ so ìwọ̀ kíká mọ́ okùn, ẹ fi sínú ife ike, kí ẹ sì máa rọra fa okùn náà jáde. Ìwọ̀ náà á máa yọ̀ lára ife, kò ní gún ibì kankan. Nígbà tó bá dé etí ife, tí okùn yí igun, ìwọ̀ á yí padà fúnra rẹ̀, á sì kọ́ etí ife náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ẹja gan-an nìyẹn: ẹja gbé ìjẹ mì, ó yí padà, ó ń lọ, ìwọ̀ ń yọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun, ó dé igun ẹnu, ó yí, ó sì kọ́ ibẹ̀. Ẹ wá já okùn inú ife kan náà wò tipátipá, ìwọ̀ á fò jáde ni. Ẹ̀kọ́ ẹgbẹ̀rún náírà ni èmi fi owó ìwọ̀ àti owó ọkọ̀ ojú omi kọ́, ife ike lásán ni ẹ̀yin yóò fi kọ́ ọ.

Ìwọ̀ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ti ń fi egungun àti ìkarahun gbẹ́ irú rẹ̀ láti ayébáyé. Lóde òní, láti ọdún 2021, ẹni tó bá fẹ́ fi ìjẹ gidi pa ẹja striped bass fún ìgbádùn ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, òfin ló ní kó lo ìwọ̀ kíká. Ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n bá mú níbẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sómi, èyí tó bá sì gbé ìwọ̀ mì wọ inú kì í sábà yè.

Ẹja wo la ń wá?

Bass ti àwọn ará Amẹ́ríkà kò sí nínú odò wa. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ní ìwà ni ẹja tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin inú omi. Nile perch ni orúkọ rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú Odò Ọya, ó wà nínú Odò Bẹ́núè, ó wà nínú adágún Káínjì. Òun ni ọba nínú ọdún ẹja pípa ti Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, tí UNESCO fi kún àwọn àṣà àjogúnbá ayé lọ́dún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbá àti àwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀. Giwan ruwa tó dàgbà tán lè gùn tó mítà méjì. Èmi kò tí ì rí irú ìyẹn lójú ara mi o.

Bí bass ṣe ń ṣe ló ń ṣe: ó máa ń ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tàbí igi tó wó sómi, yóò ṣí ẹnu lójijì, yóò sì fa ẹja kékeré pẹ̀lú omi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé ó ń fa ìjẹ wọlé pátápátá bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ lásán máa ń tètè wọ ọ̀fun rẹ̀. Ibi tí ìwọ̀ kíká ti wúlò nìyẹn.

Rírà ìwọ̀

Ẹ gbé ìwọ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tó bá sùn pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò lè sùn dáadáa, á tún máa gún ọ̀fun bí ìwọ̀ àtijọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ní ti ìwọ̀n, 6/0 sí 8/0 ló bá ìjẹ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mu. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé nọ́ńbà jù, nítorí 6/0 ilé iṣẹ́ kan lè kéré sí ti òmíràn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ẹnu ìwọ̀ àti ọ̀pá rẹ̀: lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìjẹ kọ́ ọ, àlàfo náà gbọ́dọ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ dáadáa. Bí ẹran ìjẹ bá dí i, kò ní rí igun ẹnu kọ́.

Okùn tó gbé ìwọ̀ dání gbọ́dọ̀ nípọn. Giwan ruwa kò ní eyín tó ń gé nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ rí háráhárá bíi sáńpépà, ìdérí ìjàgbọ̀n rẹ̀ sì mú bí abẹ. Okùn ọ̀rá tó lè gbé nǹkan bíi kílò márùndínlógójì ni mo ń lò, kó gùn tó bí ìdajì mítà sí mítà kan. Okùn ríìlì fúnra rẹ̀, ìyẹn èyí tó wà lára ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn, lè jẹ́ ti kílò ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Síso ó

Ẹ ki orí okùn bọ ojú ìwọ̀ láti apá ibi tí ẹnu ìwọ̀ kọjú sí, kí ẹ jẹ́ kó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìwọ̀. Ẹ ká orí okùn padà kó di òrùka, kí ẹ wá fi orí náà yí ọ̀pá ìwọ̀ àti okùn tó sùn tì í po ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí méje, kí ẹ máa mú un gba inú òrùka náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi itọ́ tutù ú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa okùn gígùn títí tí ìdì yóò fi fún pinpin. Bí ẹ bá so ó báyìí, nígbàkígbà tí okùn bá fà, ìwọ̀ á fẹ́ máa yí ẹnu síta. Ìdì tó wọ́pọ̀ náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí ni ọkàn mi balẹ̀ lé.

Ìjẹ

Ẹ̀pìyà kékeré tí a mú nínú odò kan náà ló dára jù, nítorí òun gan-an ni ẹja ńlá ibẹ̀ ń jẹ. Bí kò bá sí, àrọ̀ kéékèèké tí àwọn tó ń sin ẹja ní Kubwa àti Gwagwalada ń tà máa ń ṣiṣẹ́, kì í sì í tètè kú, torí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ẹ̀pìyà ní tirẹ̀ nílò ìtọ́jú: ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ òjìji, ẹ lo ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, ẹ má kó o pọ̀ jù sójú kan. Omi odò ni kí ẹ fi rọ́pò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kúlórínì sí. Ọwọ́ tútù ni ká fi mú un, nítorí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀.

Bí omi bá ń ṣàn, ẹ gún un láti ìsàlẹ̀ ètè gba ti òkè jáde. Bí omi bá dúró, ẹ gún ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, lẹ́yìn lẹbẹ, kí ẹ má jẹ́ kó kan egungun ẹ̀yìn. Ti àrọ̀, ètè nìkan; orí rẹ̀ le jù. Ó sì tún ní ìwà kan: yóò fẹ́ rì sísàlẹ̀ lọ sá pamọ́ sínú koríko. Ẹ fi fùlótì dá a dúró, kó wà ní nǹkan bíi mítà kan sókè ilẹ̀ omi.

Ẹ rọra jù ú. Ẹni tó bá fi agbára jù ú, ìjẹ á já bọ́ tàbí kó kú kó tó dé omi.

Ìdúró, àti ohun tí ọwọ́ yóò ṣe

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìjẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín: orí ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wìnnìwìnnì, nítorí ẹja kékeré ti rí ọ̀tá. Lẹ́yìn náà á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, nígbà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, láìṣe bí ẹni tó ń kánjú.

Ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ má já a.

Ẹ tọ́ka orí ọ̀pá sí ibi tí okùn ń lọ. Bí ríìlì bá wà ní ṣíṣí, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tì í. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìwọ̀ kíká náà lè wọ inú ẹja tí ẹ bá fún un láyè jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ríìlì, ní ìwọ̀nba, láìdúró. Okùn á fún, ọ̀pá á tẹ̀, ìwúwo náà á sì dà bí ìgbà tí okùn kọ́ igi nísàlẹ̀ omi, àfi pé igi yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìgbà yẹn, kì í ṣe kó tó di ìgbà yẹn, ni kí ẹ rọra gbé ọ̀pá sókè. Ẹja ti kọ́ ara rẹ̀ nìyẹn.

Èmi kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mo máa ń ki ọ̀pá bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo sì ń jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀rín ni Bàbá ń rín, ṣùgbọ́n ẹja ń wọlé.

Bíréèkì ríìlì gbọ́dọ̀ le díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rọ̀ jù, okùn kò ní fún tó láti yí ìwọ̀ padà. Bí giwan ruwa bá fò sókè tó ń mi orí pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí, ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀.

Yíyọ ìwọ̀

Ẹ fi púláyà di ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀ mú, kí ẹ yí i padà gba ọ̀nà tó bá wọlé. Fífà á gbọọrọ kò ní yọ ọ́, ẹnu ẹja lẹ máa ya. Bí ẹ bá fi púláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ láti ilé, á tún rọrùn sí i. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ìdérí ìjàgbọ̀n. Èyí tí kò tí ì dàgbà, ẹ dá a padà sómi kíákíá. Ètè rẹ̀ nìkan ló ní ihò.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹwàá, Odò Ọya máa ń kún, ó sì máa ń dọ̀tí. Ẹni tó bá rí Lọ́kọ́jà nígbà omíyalé ọdún 2022 kò ní bá mi jiyàn pé kí á fi odò sílẹ̀ nígbà náà. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni mo máa ń lọ. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, bí ẹ tilẹ̀ mọ omi wẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sí ìsédò Usuma ní Bwari, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ ná, nítorí omi tí Àbújá ń mu ni.

Ìjẹ tó bá ṣẹ́kù, pàápàá àrọ̀ tí a rà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja, ẹ má dà á sódò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàlù irú ẹja méjì tí kò yẹ kó bá tinú odò gùn. Àrọ̀ mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù fún mi lọ́jọ́ tí mo mú giwan ruwa mi àkọ́kọ́, inú pẹ́pẹ́súùpù ni wọ́n parí sí lálẹ́ ọjọ́ náà ní Kubwa, ìyàwó mi sì ní wọ́n dùn ju ẹja ńlá náà lọ.