Bí mo ṣe se sùpàgẹ́tì gbígbóná àti makaróní tútù lọ́jọ́ kan náà

Ọ̀rá sùpàgẹ́tì kan àti ọ̀rá makaróní kan, 500g ni ìkọ̀ọ̀kan, ni mo sè ní Sátidé. Sùpàgẹ́tì wà fún oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú ata díndín. Makaróní ni mo fi ṣe sàláàdì tútù fún àwọn àlejò ìrọ̀lẹ́. Àlìkámà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sè wọ́n kò jọra.

Ìkòkò ńlá ni mo gbé kaná. Sùpàgẹ́tì 500g fẹ́ omi bíi líítà 4 sí 5. Bí omi bá kéré, sítáàṣì tó ń jáde lára rẹ̀ á mú kí omi náà ki, gbogbo rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí omi ń hó yaya, mo da iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan àbọ̀ sí i. Ó lè dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, omi tí a máa dànù ló máa bá lọ. N kò da òróró sí i. Òróró a máa léfòó ni, kò ní í kan sùpàgẹ́tì tó wà nísàlẹ̀. Ríro ni kì í jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́. Ní ti kíkán án sí méjì, mo kán an. Ṣíbí làwọn ọmọ mi fi ń jẹ ẹ́; kí àwọn ará Ítálì, tí wọn kì í fẹ́ kí a kán an, máa bínú lọ.

Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n kọ sára ọ̀rá. Láti ìṣẹ́jú 7 ni mo ti ń mú ọ̀kan jáde, tí mo ń gé e wò. Nígbà tí funfun àárín rẹ̀ kù bí ojú abẹ́rẹ́, mo gbé e kúrò lórí iná, torí inú ata ni yóò ti jinná tán. Mo bu ife omi rẹ̀ kan pamọ́ kí n tó sẹ́ ẹ. N kò sì ṣan án. Ọ̀dọ̀ ìrẹsì ni mo rò pé a ti mú àṣà ká bọ̀ ọ́, ká ṣan án, ká tún un sè. Sítáàṣì ara sùpàgẹ́tì ló ń jẹ́ kí ata dì mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣan án, ìsàlẹ̀ àwo ni ata rẹ̀ máa wà.

Tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà mi ti dín gbẹ, òróró ti yọ sójú. Mo da sùpàgẹ́tì lé e, mo ń fi omi tí mo bù pamọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, mo sì ń rò ó lórí iná fún ìṣẹ́jú 2. Òróró yẹn tún padà wọnú ata, wọ́n jọ wé mọ́ sùpàgẹ́tì.

Ti makaróní yàtọ̀. Sítáàṣì máa ń le bó bá ti tutù, nítorí náà mo jẹ́ kó jinná dénú, mo tún fi ìṣẹ́jú 1 lé iye tó wà lára ọ̀rá. Èyí ni mo wá fi omi tútù ṣan, kó má bàa máa rọ̀ sí i, kó má sì dì pọ̀. Mo gbọn omi rẹ̀ dànù dáadáa nínú asẹ́, torí omi tó bá kù ló ń mú kí máyónéèsì ṣàn. Kárọ́ọ̀tì, kúkúńbà tí mo ti yọ inú rẹ̀, ẹyin sísè àti sàdíìnì tẹ̀ lé e. Máyónéèsì ló kẹ́yìn.

Kí n tó gbé e fún àlejò, mo tún tọ́ ọ wò. Iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ohun tútù, mo bá fi díẹ̀ kún un, mo sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Èyí tó kù padà sí fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Bí iná kò bá dúró ní àdúgbò yín, ẹ má po sàláàdì tó ju èyí tí ẹ máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà lọ.